Pípààrọ̀ Ẹ́ńjìnì Ìjàpá fún Ìgbà Àkọ́kọ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣètò Rẹ̀ ní Abẹ́òkúta

Ẹ́ńjìnì Volkswagen Ìjàpá kì í pẹ́ jáde. Bóòtù méjì ló dì í mú lókè, nọ́ọ̀tì méjì nísàlẹ̀, sípánà 17 ló sì ń tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹkáníìkì tó mọwọ́ rẹ̀ lè sọ ọ́ kalẹ̀ láàárọ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ló ń kó bá àwọn tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n á tètè tú u, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n á tó rí i pé ohun tí wọ́n rà kò bá gíàbọ́ọ̀sì mu. Owó ti tán, ọkọ̀ á wá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù títí koríko yóò fi hù bò ó. Ẹ wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì láti Làfẹ́nwá títí dé Ọbáńtokò, ẹ ó rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí fi dá lórí ohun tí ẹ máa ṣe kí sípánà tó kan ọkọ̀. Òfin kan ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: ẹ má yọ ẹ́ńjìnì àtijọ́ títí gbogbo ohun tí tuntun nílò yóò fi wà nílẹ̀, tí ẹ ti wọ̀n wọ́n, tí ẹ sì ti sanwó wọn.

1. Ẹ mọ ọkọ̀ tí ẹ ní

Ẹ gbé àga ẹ̀yìn kúrò. Nọ́ńbà ṣáásí wà lórí irin gígùn tó la àárín ọkọ̀ kọjá, lábẹ́ àga yẹn. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà lára irin ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀, nísàlẹ̀ ibi tí dáínámò jókòó lé. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ojú ibẹ̀ kí ó hàn dáadáa, kí ẹ sì kọ méjèèjì sínú ìwé kan tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan.

Lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà ẹ́ńjìnì ló máa sọ irú ẹ́ńjìnì tó jẹ́. D jẹ́ 1200, ìyẹn 1192 cc (cc ni ìwọ̀n àyè inú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin). F jẹ́ 1300 ti àtijọ́, AB jẹ́ 1300 tó tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì sì jẹ́ 1285 cc. H jẹ́ 1500. AD àti AS jẹ́ 1600, 1584 cc. Ẹ má gbára lé ohun tó wà nínú ìwé ọkọ̀ tàbí ohun tí ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín sọ. Ọkọ̀ tó ti tó ogójì ọdún ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì rẹ̀ rí láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo iná: ṣé 6V ni àbí 12V? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe dún létí lọ, nítorí iná àti fláíwíìlì jọ ń rìn ni. Fláíwíìlì ni irin rìbìtì eléyín tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti gíàbọ́ọ̀sì, tí sítátà ń yí. Ti ọkọ̀ 6V ní eyín 109, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì jẹ́ 180 mm. Ti ọkọ̀ 12V ní eyín 130, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jẹ́ 200 mm. Tí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnì tó ní fláíwíìlì ńlá síbi gíàbọ́ọ̀sì 6V, eyín rẹ̀ á máa ha ara ilé gíàbọ́ọ̀sì, àfi tí wọ́n bá fi máṣíìnì gé inú ilé náà díẹ̀. Sítátà náà á yí padà, búṣì tó di orí ṣáfútù rẹ̀ mú á sì yàtọ̀.

Àwọn Ìjàpá tí Volkswagen of Nigeria tò ní Èkó láti ọdún 1975 kò ní ìṣòro yìí, 12V ni wọ́n. Èyí tí bàbá yín ra kí ó tó di 1967 ni kí ẹ fura sí.

2. Ẹ yan ẹ́ńjìnì tó sún mọ́ ti tẹ́lẹ̀ jù

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bèèrè bóyá wọ́n lè gbé ẹ́ńjìnì Toyota sínú Ìjàpá. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ́ńjìnì tó ń lo omi nílò radiator, páìpù omi, irin ìsopọ̀ tí wọ́n fi máṣíìnì gé láti so ó mọ́ gíàbọ́ọ̀sì, àti wẹ́dà tó máa gé ara ọkọ̀. Kọ̀ọ̀kan nínú wọn jẹ́ iṣẹ́ lọ́tọ̀, ọwọ́ ẹni ọ̀tọ̀ ló sì wà. Bí ẹnìkan bá já yín kulẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló dúró yẹn.

Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó ní 1300 tàbí 1500 wá 1600 oníhò méjì, irú tó ní AD tàbí AS lára. Ẹ ó dá a mọ̀ nítorí páìpù tó ń gbé epo àti afẹ́fẹ́ wọlé ní ẹsẹ̀ méjì lọ́tùn-ún àti méjì lósì. Ihò bóòtù rẹ̀ bá gíàbọ́ọ̀sì Ìjàpá mu, sàlẹ́ńsà 1300 àti 1500 sì máa ń wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń ti 1200 bọ̀ ni kí ó mọ̀ pé sàlẹ́ńsà rẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́, kí ó fi owó òmíràn kún un. Ohun èlò rẹ̀ kò tíì tán láyé: Mẹ́síkò ṣe Ìjàpá títí di July 2003, Brazil sì fi irú ẹ́ńjìnì yìí sínú Kombi títí di 2005.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa kí ẹ tó sanwó: ibi tí ìtútù ọ́ìlì rẹ̀ (oil cooler, ohun tó ń mú kí ọ́ìlì tutù) wà. Nínú àwọn ẹ́ńjìnì àtijọ́, ìtútù yìí dúró sínú ilé fáànù, ó sì ń gba afẹ́fẹ́ tó yẹ kó dé sílíńdà kẹta, èyí tó wà lápá òsì níwájú. Ìdí nìyẹn tí sílíńdà kẹta fi máa ń gbóná ju àwọn yòókù lọ, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ jó fáàfù. Láti àwọn ọkọ̀ ọdún 1971, wọ́n gbé ìtútù náà sẹ́yìn ilé fáànù, wọ́n sì fún un ní ilé tirẹ̀. Ní ìlú olóoru bíi tiwa, irú èyí ni kí ẹ rà. Tí ọlọ́jà bá ní ẹ́ńjìnì méjì, tí ti àtijọ́ sì dán ju ti tuntun lọ lójú, ẹ ṣì mú èyí tí ìtútù rẹ̀ wà lẹ́yìn.

Bí ẹ bá ń ti 1200 tàbí 1300 bọ̀ sí 1600, bíréèkì ló kàn. Òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ ní Abẹ́òkúta, ọkọ̀ tó lè sáré gbọ́dọ̀ lè dúró. Ẹ tún bíréèkì ṣe kí ẹ tó ronú ẹ́ńjìnì rárá.

3. Owó àti ìwé

Ẹ pín owó yín sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀, àwọn ohun kéékèèké tó yí i ká, àti iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó bá fi gbogbo owó ra ẹ́ńjìnì kò tíì ra nǹkan kan. Ẹ sì fi díẹ̀ pamọ́ tí ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà nínú ìwé ọkọ̀ yín, nítorí náà nígbà tí ẹ́ńjìnì bá yí, ìwé gbọ́dọ̀ yí. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì tó ń ṣe ìwé ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n máa gbà. Rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnì lára ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Láìsí i, ẹ kò ní lè ṣàlàyé ara yín fún ọlọ́pàá tó bá dá yín dúró lójú ọ̀nà tó gbé ìwé yín lé ara ẹ́ńjìnì.

4. Ríra ẹ́ńjìnì

Láti Abẹ́òkúta, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè lọ sí Ládípọ̀ ní Múṣín, tàbí kí ẹ gba Ọ̀dẹ̀dá lọ sí Ìbàdàn, sí ọjà Àràròmí ní Géètì. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè nílé. Àwọn àgbà mẹkáníìkì tó ti ń tún Ìjàpá ṣe láti ayé ọjọ́un máa ń mọ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti kú sínú àgbàlá, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ṣì dára. Irú èyí dára ju tòkunbọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ orísun rẹ̀ lọ.

Mẹkáníìkì tó máa gbé e wọlé ni kí ẹ mú dání. Ẹ má mú ẹlòmíràn, nítorí ẹni tó yàn án ni kò ní lè sọ lọ́la pé "ẹ́ńjìnì tí ẹ rà ni kò dára." Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì, sípánà 30, àkísà, àti géèjì kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n (èyí tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún pọ̀ tó nínú sílíńdà) lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà. Tí wọ́n bá ti fá a tàbí tí wọ́n lù ú lé ara, ẹ kí ọlọ́jà, ẹ máa lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ di púlì ìsàlẹ̀ tí fáànbẹ́ẹ̀tì ń gbà yí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹ tì í wọlé, ẹ fà á síta. Nǹkan bí 0.07 sí 0.13 mm ni ó yẹ kó lè mì, ìyẹn ni pé ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá gbọ́ "kọ̀, kọ̀" bí ẹ ṣe ń tì í tí ẹ ń fà á, bíárìn tó wà lápá fláíwíìlì ti jẹ inú ilé ẹ́ńjìnì. Àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe kékeré: wọ́n gbọ́dọ̀ la ẹ́ńjìnì sí méjì kí máṣíìnì tó lè dé ibẹ̀. Bí ọlọ́jà bá ní "kékeré ni yẹn, ọ̀gá mi," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má rà á. Nínú gbogbo ìdánwò tó wà, èyí kò gba owó kankan, òun ló sì ń gba owó là jù.

Ẹ fi sípánà 30 yí púlì náà lọ́wọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ rí i pé ó ń le lẹ́ẹ̀mẹ́rin bí ẹ bá yí i lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí líle rẹ̀ sì dọ́gba. Ara gíàbọ́ọ̀sì ni sítátà Ìjàpá wà, kò sí lára ẹ́ńjìnì, nítorí náà ọlọ́jà tí kò bá ní gíàbọ́ọ̀sì àti bátìrì nílẹ̀ kò lè tan án kí ẹ gbọ́ ọ. Tí ó bá ní, ẹ tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi géèjì wọn kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n. Láti 100 sí 130 psi dára. Tí mẹ́ta bá wà ní 115, tí ẹ̀kẹrin sì wà ní 80, ẹ ti mọ ibi tí owó yín máa lọ.

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ara irin lẹ́yìn sílíńdà kẹta bóyá ó ti sán. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ọ́ìlì díẹ̀ sun sórí àkísà, kí ẹ sì wò ó lójú oòrùn. Tí ó bá ń dán bíi pé irin wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

5. Páànù tó bo ẹ́ńjìnì: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù ú nù

Ohun tó ń pa ẹ́ńjìnì Ìjàpá nílẹ̀ yìí jù ni ooru, ọwọ́ wa sì ni ooru náà ti ń wá lọ́pọ̀ ìgbà. Fáànù ń fa afẹ́fẹ́ tútù gba àwọn ihò tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì ẹ̀yìn, ó ń tì í gba ara sílíńdà, afẹ́fẹ́ náà á gbóná, á sì bọ́ sísàlẹ̀ ọkọ̀. Àwọn páànù tó yí ẹ́ńjìnì ká àti rọ́bà gígùn tó wà létí wọn ló ya òkè tútù sọ́tọ̀ kúrò lára ìsàlẹ̀ gbígbóná. Bí páànù kan bá sọnù, tàbí tí rọ́bà yẹn ti jẹ, ooru ìsàlẹ̀ á gòkè padà, fáànù á tún fà á wọlé. Bí ìgbà tí èèyàn fi abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́ ooru ààrò sí ara rẹ̀ lójú ni.

Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Kútọ̀ lọ́sàn-án gangan, ẹ́ńjìnì ń rọra yí, fáànù náà sì ń rọra fẹ́. Kò sí afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà tó máa gbà á sílẹ̀. Ibẹ̀ ni páànù tó sọnù ti ń gba ẹ̀san.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ ọlọ́jà, ẹ ka páànù. Àwọn kéékèèké tó wà lábẹ́ sílíńdà, tí wọ́n ń mú kí afẹ́fẹ́ fara mọ́ irin, ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù. Tí wọn kò bá sí lára tuntun, ẹ yọ wọ́n lára àtijọ́. Ẹ ra rọ́bà etí tuntun àti rọ́bà tó ń dí ẹnu ihò wáyà plọ́ọ̀gì.

Kò sẹ́ni tó nílò hítà ní Abẹ́òkúta, nítorí náà ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti yọ páìpù hítà dànù. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ tí ẹ bá dí ihò méjèèjì tó wà lára ilé fáànù pa. Tí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ ní gbayawu, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó tu sílíńdà ló ń bọ́ dànù níbẹ̀.

Fáànbẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń yí dáínámò àti fáànù pọ̀. Bí iná pupa ti dáínámò bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ má sọ pé ẹ ó dé ilé ná. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀tì ti já, kò sì sí afẹ́fẹ́ mọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀tì kan gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo, pẹ̀lú sípánà tó máa fi í síbẹ̀.

6. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀

Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá wà níta ni ọwọ́ dé àwọn ibi kan, ẹ má jẹ́ kí àǹfààní náà kọjá. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn fláíwíìlì àti ti ẹnu gíàbọ́ọ̀sì. Ẹ ra kílọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú bíárìn rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí: bíárìn ọkọ̀ tó ṣáájú 1971 àti ti èyí tó tẹ̀lé e kò jọra, àwo kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń tẹ̀ sì ní òrùka láàárín fún ti àtijọ́, kò ní in fún ti tuntun. Gíàbọ́ọ̀sì yín ló máa sọ irú èyí tí ẹ máa rà. Ẹ mú àtijọ́ dání lọ sọ́jà.

Nọ́ọ̀tì ńlá tó di fláíwíìlì mú jẹ́ ìwọ̀n 36 mm, agbára tí wọ́n fi ń dì í sì lé ní 290 Nm. Ọwọ́ lásán kò lè ṣe é. Ẹ rí i dájú pé ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ń lọ ní irinṣẹ́ rẹ̀, nítorí nọ́ọ̀tì yìí tí kò bá fún dáadáa máa ń ba ojú fláíwíìlì àti kíráńkì jẹ́.

Páìpù rọ́bà tó ń gbé pẹtiróòlù gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun látòkèdélẹ̀, pẹ̀lú kílíìpù irin sí orí kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún fi ọwọ́ fa ẹnu bàbà tí páìpù ń gbà wọ kábúrétọ̀. Bí ó bá ń mì, kí wọ́n tún un dì kí ó tó jáde, torí pé pẹtiróòlù tó bá bọ́ níbẹ̀ orí ẹ́ńjìnì gbígbóná ló ń dà sí. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá tó jóná, ibẹ̀ ni iná ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí ohun èlò panápaná wà nínú ọkọ̀.

Nípa ẹni tó máa ṣe é: ẹ wá àgbà tó mọ ẹ́ńjìnì aláfẹ́fẹ́. Ọmọṣẹ́ tó mọ Corolla dunjú lè má mọ páànù tó sọnù. Ẹ sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí a to gbogbo ẹrù sílẹ̀ kí a tó tú u." Ẹ bá a dá owó, ẹ sì bèèrè bóyá owó rewáyà (ẹni tó ń ṣe wáyà iná ọkọ̀) wà nínú rẹ̀. Tí kò bá sí ṣéèdì, ẹ ṣe é nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

7. Ọjọ́ iṣẹ́

Ẹ yọ orí bátìrì kúrò. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, kí ẹ gbé e lé irin ẹsẹ̀ tó lágbára. Jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo wáyà, kí ẹ sì fi téèpù kọ orúkọ sí i. Ẹ tú wáyà ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń tẹná (accelerator), páìpù pẹtiróòlù lábẹ́ (ẹ dí ẹnu rẹ̀), àti páànù ẹ̀yìn. Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ló ṣáájú, bóòtù òkè ló kẹ́yìn, jáàkì á sì ti wà lábẹ́ àárín ẹ́ńjìnì kí wọ́n tó tú ti òkè.

Ó wúwo tó nǹkan bí 110 kg, ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta á dúró tì í. Ẹ fà á sẹ́yìn gbọọrọ títí ṣáfútù gíàbọ́ọ̀sì yóò fi kúrò nínú kílọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó rọ̀ sórí ṣáfútù yẹn rárá, ìgbà tó ń jáde àti ìgbà tó ń wọlé. Bí tuntun bá kọ̀ láti wọlé, ẹ má fi bóòtù fà á. Àwo kílọ́ọ̀ṣì ni kò sí láàárín, ẹ tún un tò.

8. Títan iná àkọ́kọ́ àti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e

Ẹ bu ọ́ìlì 2.5 lítà sí i. Ẹ fi àlàfo 0.15 mm sí fáàfù kí ẹ́ńjìnì tó gbóná. Ẹ yọ wáyà kọ́ìlì, ẹ fi sítátà yí i títí iná ọ́ìlì yóò fi kú, kí ẹ tó wá tan án ní tòótọ́. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹnìkan máa wo páìpù pẹtiróòlù, kí ẹlòmíràn máa wo abẹ́. Ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì yẹ kó ní 10 sí 20 mm tó máa rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Ẹ má gbé e lọ sí àárín ìlú lọ́jọ́ kìíní. Ẹ gbé e jáde láàárọ̀ kùtù láti Ọbáńtokò lọ sí Ọ̀dẹ̀dá, ẹ pa á, ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan bẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó padà. Bẹ́ẹ̀tì yẹn yẹ kó rọ̀ tó nǹkan bí 15 mm tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé ìwé àti rìsíìtì lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, kí ìgbà tó kọjá. Ẹ̀yìn 500 km, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ fọ asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ nítorí pé kò sí fílítà nínú ẹ́ńjìnì yìí, kí ẹ tún wọn fáàfù. Tí gbogbo rẹ̀ bá ṣì wà ní 0.15, ẹ lè gbé e gba Ṣàgámù lọ sí Èkó láìsí ìfòyà.